Ẹ Yé Fi Òyìnbó Ṣe Àwáwí

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan ni, nínú ọjà Mile 12 l'Ékòó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ sì ti mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Tírélà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kánò. Bí wọ́n ti ká tapólì kúrò lórí ẹrù báyìí, òórùn tó tú jáde lé àwọn alábàárù pàápàá sẹ́yìn. Àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó wà nísàlẹ̀ ti di omi, omi pupa náà sì ń ṣàn gba ara táyà ọkọ̀ lọ sínú gọ́tà. Obìnrin kan tó ti san owó sílẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá káwọ́ lérí. Àwọn tó ń ra ẹ̀sà ti ń yí ọkọ̀ náà ká, torí ẹkún ẹnìkan ni ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá kan tó ń ta ata nítòsí wò ó títí, ó pòṣé, ó ní: "Òyìnbó ni igbákejì Ọlọ́run. Ká ní àwọn ló ni ọjà yìí, wọn ì bá ti rí ọgbọ́n dá sí i. Àwa aláwọ̀ dúdú, kí la tiẹ̀ dá sílẹ̀ rí?"

Gbogbo wa ní òótọ́ ni. Èmi náà wà lára àwọn tó ní òótọ́ ni.

Mo ti kórìíra gbólóhùn yẹn báyìí ju òórùn tòmátì lọ. Ó jọ ìrẹ̀lẹ̀ létí, àmọ́ àwáwí ni. Ẹni tó bá ti ní òyìnbó nìkan ni Ọlọ́run fún lọ́gbọ́n ti yọ ọrùn ara rẹ̀ nínú ẹjọ́, ó sì ti yọ ọrùn ìjọba, ti olówó àti ti àwọn aláṣẹ ọjà mọ́ ọn. Ta ló máa ń bi ẹni tí Elédùmarè kò fún lọ́gbọ́n léèrè iṣẹ́ tí kò ṣe?

Ohun tó tún múni bínú jù ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá náà ń kọjá lójú títì ọ̀nà Ìkòròdú lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń gbé ẹja yìnyín, ẹ wo òkè orí dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ẹ óò rí àpótí ẹ̀rọ kan tó ń kùn bí oyin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ Thermo King sí lára. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù lórí ìrìn ni, ẹni tó sì ṣe é dúdú bí èmi àti ẹ̀yin.

Frederick McKinley Jones lorúkọ rẹ̀. Ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1893. Kékeré ló wà tí kò fi ní ìyá mọ́, bàbá rẹ̀ sì fà á lé àlùfáà ìjọ Àgùdà kan lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó sá kúrò níbẹ̀, tó lọ ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Ìwé rẹ̀ kò kọjá kíláàsì kẹfà. Nígbà tó yá, ó dé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hallock ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe, ó ń fi ìwé tó ń rí kà kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ iná. Ó lọ sógun àgbáyé kìíní ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó padà dé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò sáfẹ́fẹ́ fún ìlú náà. Oníṣòwò ẹ̀rọ sinimá kan tó ń jẹ́ Joseph Numero gbọ́ nípa rẹ̀, ó gbà á síṣẹ́ ní Minneapolis.

Lọ́dún 1938 ni wàhálà ooru kàn wọ́n. Ojúlùmọ̀ Numero kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ti pàdánù odidi ẹrù adìẹ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí tòmátì obìnrin ọjọ́sí. Yìnyín ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ láyé ìgbà náà, tí yìnyín bá sì ti yọ́ kí ọkọ̀ tó débi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn tó ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ amóhun-tutù sínú ọkọ̀ ṣáájú rí i pé gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ló ń tú u palẹ̀. Jones ṣe èyí tó fúyẹ́, tó sì lè fara da gbígbọ̀n. Ó kọ́kọ́ so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ dí i pa. Ló bá gbé e lọ sókè níwájú, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Nígbà ogun àgbáyé kejì, irú ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀, oògùn àti oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun. Kó tó kú lọ́dún 1961, ìwé ẹ̀tọ́ tó gbà lórí àwọn nǹkan tó ṣe ti lé ní 60. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó kú, lọ́dún 1991, ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ga jù lọ dá a lọ́lá, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fún.

Ẹni tó bá ti wọ tírélà gba Mọ́kwá sí Jẹ́bà rí, ẹ jẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà tó ń gbọ̀n yẹn kà. Àfi bíi pé àwa gan-an ló ṣe é fún.

Mo mọ ohun tí bàbá aláta yóò wí. Yóò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, pé dúdú tó bá ti gbé àárín òyìnbó ti di òyìnbó. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Jigawa.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ìpínlẹ̀ náà, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò sì ni. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó ń wo bí ẹrù àwọn àgbẹ̀ tí kò ní iná mànàmáná ṣe ń jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó mú ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ. Ó gbé kékeré sínú ńlá, ó da iyanrìn sí àárín wọn, ó fi omi rin iyanrìn náà, ó kó tòmátì sínú, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí atẹ́gùn gbígbẹ bá ti ń fẹ́ sára ìkòkò ìta, omi inú iyanrìn á máa fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, á sì máa kó ooru inú lọ, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú ara ẹni tutù tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Ìgbá tí kì í lò ju ọjọ́ 3 lọ lo ọjọ́ 27. Tòmátì àti ata lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí wáyà, kò sí dísẹ́lì, kò sí jẹnẹrétọ̀.

Ta ni nínú wa tí ìyá àgbà rẹ̀ kò ní àmù? Gbogbo wa la mọ̀ pé omi inú àmù tutù ju omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. A mu ún, a gbádùn rẹ̀, a ò bi àmù pé kí ló ń ṣe é tó fi ń tutù. Bah Abba bi í.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ní Èkó tí atẹ́gùn rẹ̀ kún fún omi yìí, ìkòkò náà kò lè ṣe dáadáa tó bó ṣe ń ṣe ní Òkè Ọya. Àmọ́ ẹ̀bá oko ni ipò rẹ̀, ṣáájú kí tòmátì tó fojú kan tírélà, kí ìbẹ̀rù jíjẹrà má baà lé àgbẹ̀ tà á ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ tó ká a. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń rán kiri ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́ nítorí ìkòkò yẹn. Ọkùnrin náà sì mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, eré oníṣe ló ní kí wọ́n ṣe nípa ìkòkò náà, tó ń gbé e káàkiri abúlé lálẹ́ kí wọ́n lè wò ó.

Lọ́dún 2000, Rolex, àwọn tó ń ṣe aago ọwọ́ olówó ńlá ní Switzerland, fún un ní ẹ̀bùn. Ìwé ìròyìn TIME ka ìkòkò náà mọ́ àwọn àrà tuntun tó dára jù lọ lọ́dún 2001. Mo bi àwọn Hausa mẹ́ta tó ń já ẹrù ní Mile 12 bóyá wọ́n mọ Bah Abba. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo bi oníṣòwò tòmátì márùn-ún, Yorùbá ni gbogbo wọn. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ń díje fún gómìnà. Aago Switzerland ti kéde ọkùnrin yìí fún gbogbo ayé láti ogún ọdún ó lé, ọjà tí ìṣòro rẹ̀ wà gan-an kò sì gbọ́.

Apá kan lára ìdí rẹ̀ ni pé ẹnu kan náà tí a fi ń ní òyìnbó gbọ́n jù wá lọ la fi ń ní "àbókì ò mọ nǹkan kan". Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tó ti gbà pé awọ ara ló ń sọ ẹni tó gbọ́n kò ní pẹ́ gbà pé fìlà ló ń sọ ẹni tó gọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Hausa àti Yorùbá ní Mile 12, ó ràn dé Kẹ́tu, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, sì ti ọjà náà pa. Mi ò ní ẹ̀gàn nìkan ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tí à ń pe ara wa láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, mi ò sì tíì gbàgbé. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó gbọ́ pé olùkọ́ kan ní Jigawa ti rí ohun tí yóò gba owó wa lọ́wọ́ gọ́tà?

Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Mile 12 tó forí lé Ìkòròdú, ìlú baba Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójobí ló ń lọ. Wọ́n bí i ní Òṣòdì lọ́dún 1937, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ó yọ sítíárìn ọkọ̀ Opel tirẹ̀ ní ọ̀tún, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e sí òsì. Ó tún mú ọkọ̀ jíìpù kan, ó sọ ọ́ di Autonov 1, tó ń lo gbogbo jíà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí kò nílò kó yí orí padà kó tó sá eré. Ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ abẹ́ afárá Kẹ́tu rí, tí iwájú kò ṣe é lọ, tí ẹ̀yìn kò ṣe é padà, mọ iye tí yóò san fún irú rẹ̀. Awójobí kú lọ́dún 1984, ẹni ọdún 47. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí Onike ní Yaba, ère náà sì wuyì. Ère la fún un. Ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe ọkọ̀ rẹ̀ la ò fún un.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ "àwa ò dá nǹkan sílẹ̀" ti já sí pàbó. A dá a sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí aláṣẹ bá sì ti dìde, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ BRT àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 wa yìí dé CMS, kìlómítà 22. Johannesburg kò tíì ní tiwọn nígbà náà. Ọdún 2009 ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò lè ṣeé ṣe l'Ékòó, pé nǹkan òyìnbó ni, dánfó yóò bà á jẹ́. Nǹkan òyìnbó wo? Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìlú Curitiba ní Bràsíl ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1974 nítorí pé kò ní owó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Bogotá ní Kòlóḿbíà gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará LAMATA, àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó, lọ wò ó, wọ́n gé èyí tó gbówó lórí jù kúrò, wọ́n rán ìyókù mọ́ ìwọ̀n ọ̀nà Ìkòròdú. Ìlú tálákà ló kọ́ ìlú tálákà. Pé ìlà BRT ní Kẹ́tu ń gùn títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, mo sì ṣetán láti rò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn àgbà Èkó kò sì dúró de aláṣẹ nígbà kan. Dókítà John Randle kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó jáde lọ́dún 1888, ó sì wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn ní Èkó. Owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ Èkó ń kú sómi, ó ní kí ìjọba gbẹ́ adágún ìwẹ̀ tí wọn yóò ti máa kọ́ wẹ̀. Wọn kò dá a lóhùn. Ó fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ sí Onikan lọ́dún 1928. Ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ìjọba Èkó kọ́ síbẹ̀ lónìí, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Mo ń wá olówó kan ní àdúgbò wa tí yóò fi owó ayẹyẹ ìsìnkú kan ṣoṣo kọ́ yàrá tútù kan sí Mile 12. Mo ṣì ń wá a.

Ẹ jẹ́ kí n yà síhà àwọn ọ̀rẹ́ mi kan, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gbè mí lẹ́yìn ní ọ̀nà tó ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé dúdú ló ṣe gbogbo nǹkan láyé, láti orí gílóòbù iná dé orí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n ní Garrett Morgan, dúdú Amẹ́ríkà kan, ló ṣe iná tó ń darí ọkọ̀. Rárá o. Iná oní-mànàmáná ti wà lójú títì ní Cleveland láti ọdún 1914. Ohun tí Morgan gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí lọ́dún 1923 ni irú tirẹ̀ tó ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró díẹ̀ kí ìhà kejì tó lọ. Èyí tó ṣe gan-an tó ìtàn láìfi irọ́ kún un: ọmọ ẹrú tó ti gba òmìnira, tó ṣe ìbòrí tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ èéfín, tó sì fúnra rẹ̀ dé e wọ ihò abẹ́ adágún Erie lọ́dún 1916 lọ yọ àwọn tó há síbẹ̀. Nítorí pé àwọn òyìnbó ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ dúdú, ó háyà òyìnbó kan kó máa dúró bí ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá fi irọ́ gbe dúdú lẹ́yìn ń fún bàbá aláta ní ẹ̀rí sí i ni, torí lọ́jọ́ tí irọ́ náà bá tú, yóò ní òun ti wí.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ tòmátì. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èyí tí Nàìjíríà ń gbìn tó ń jẹrà kó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó o máa ń rọ̀, òkè ń tẹ ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ ń gún tòmátì lára. Kirétì oníke kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ru ara rẹ̀. Wọ́n ti mú un wá, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kọ̀ ọ́, a sì sáré sọ pé òpè ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òpè. Apẹ̀rẹ̀ kì í padà sí Kánò. Kirétì gbọ́dọ̀ padà. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ fún òfìfo tó ń rìn bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà? Ìbéèrè owó nìyẹn, ìbéèrè ojú ọ̀nà àti ti iná mànàmáná, ẹni tí ó yẹ kó dáhùn rẹ̀ sì ní ọ́fíìsì. Ọ̀kan wà ní Alausa. Ọ̀kan wà ní Abuja. Ọ̀kan wà nínú ọjà gan-an, níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ wa ni Kòsọ́fẹ́, ó sì dájú lóòótọ́ pé kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: à ń san owó ọjà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ohun tí owó náà ń ṣe, ká sì yé ti ìlẹ̀kùn fún wọn pẹ̀lú orúkọ òyìnbó.

Bàbá aláta ṣì wà ní ipò rẹ̀. Mo máa ń rí i tí mo bá lọ ra ata. N ó sọ ìtàn Jones fún un lọ́jọ́ kan tí ọjà kò bá lé, n ó sì nawọ́ sí ojú títì. Ẹ̀rọ tí ọmọ òrukàn aláwọ̀ dúdú ṣe lọ́dún 1938 ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀. Ọkọ̀ ẹja ní i. Ọkọ̀ tòmátì kò ní i.